"Ẹ Jẹ́ Ká Kúkú Ṣe É": Bí Àtúnṣe Mọ́tò Ṣe Ń Di Gbèsè

 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ti dàgbà la fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé oṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Èmi ò ní mọ́tò, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Bí ẹ kò bá ní mọ́tò, ẹni tí ẹ ṣe onídùúró fún lè ní. Bí owó tó yá bá wá há sọ́wọ́ mẹkáníìkì, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin onídùúró la ó wá.

Àwa tí à ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan wá sọ pé òun fẹ́ yáwó tún gbogbo mọ́tò ṣe látòkè délẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ ni "bẹ́líìtì", "kílọ́ọ̀ṣì", "omi ń jò". Oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹni náà á tún padà wá. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, á tún dé. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. A kò ní dárúkọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, ní Peugeot 504 elẹ́yìn gígùn kan tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ fún un. Mọ́tò yìí ló fi ń kó èlùbọ́ wá láti Ṣakí. Ní ọjọ́ kan, bí mọ́tò ṣe ń ti Bẹẹrẹ gun òkè Mapo pẹ̀lú ẹrù, fáànbẹ́líìtì tó ti gbó já. Awakọ̀ rí i pé ooru ẹ́ńjìnnì ti ń lọ sókè, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó ní kí òun ṣáà dé Bẹyẹrúnkà ná. Kó tó débẹ̀, èéfín funfun ti bo mọ́tò.

Bẹ́líìtì kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì yìí ló ń yí ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó já, omi kò rìn mọ́, ó hó, orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe sì tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ bá jó. Ìyá wá yá owó àkọ́kọ́ láti fi ṣí orí ẹ́ńjìnnì.

Ibí yìí ni kí ẹ̀yin tí ẹ ní 504 ti tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 504 tó ń lo epo bẹntiróòlù ní ọpọ́n irin mẹ́rin tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú wọn. Sílíìfù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Sílíìfù wọ̀nyí kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Inú omi ni wọ́n dúró sí, orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dè mọ́ wọn lókè ló sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé orí náà kúrò, ó yẹ kí wọ́n fi nǹkan de sílíìfù mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì yí ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá yí i, sílíìfù lè mì, ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já, omi á sì jò sínú ọ́ìlì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò ìyá wa nìyẹn. Wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ, ọmọ iṣẹ́ kan sì yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nílé.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú o. A ní láti tú gbogbo ẹ́ńjìnnì."

Ìyá ní, "Gbogbo ẹ́ńjìnnì kẹ̀? Ṣebí bẹ́líìtì ló já!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ṣùgbọ́n omi ti wọ inú ọ́ìlì. Bó sì ti wà nílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ ríìngì àti bíárìn rẹ̀."

Wọ́n kúkú pààrọ̀ wọn. Bí ẹ́ńjìnnì ti wà níta, wọ́n rí i pé páléètì kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Wọ́n kúkú ṣe ìyẹn náà. Ọmọ ìyá dé láti Èkó, ó ní ẹ́ńjìnnì tuntun kò yẹ ara tó ti ṣì, kí wọ́n kúkú kun mọ́tò. Nígbà tí páńẹ́lì-bítà ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò dé ibi tí ìjókòó awakọ̀ wà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mọ́tò fi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ní gbogbo àkókò yìí, bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn ni ìyá ń háyà láti kó èlùbọ́, owó tó yẹ kó fi ra ọjà ló sì ń ná sórí mọ́tò. Nígbà tó mú fọ́ọ̀mù kẹta wá, ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀ ní òun kò fọwọ́ sí i mọ́.

Kí ló ń fa irú èyí? A bi àwọn tó mọ iṣẹ́ náà léèrè, ohun mẹ́ta la sì rí dì mú.

Èkíní, gbogbo ẹ̀yà ara mọ́tò àtijọ́ ló ti jọ gbó pọ̀. Bí a bá fi ọ̀tun sáàárín wọn, ọ̀tun á fi àìlera àwọn yòókù hàn. Ẹ wo ẹni tó tún rédíétọ̀ rẹ̀ ṣe tí kò jò mọ́. Agbára omi gbígbóná tó ti ń gba ibẹ̀ sá jáde tẹ́lẹ̀ á wá kọjú sí róbà omi tó ti gbó, ìyẹn náà á sì bẹ́.

Èkejì, kí ọwọ́ tó dé ibi kan nínú mọ́tò, a ní láti tú ibi púpọ̀. Nọ́ọ̀tù tó ti dípẹtà láti ogún ọdún kì í fẹ́ tú, ó lè kán sínú ihò rẹ̀, yíyọ èyí tó kán á sì di iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ "kúkú" yìí, ó sì burú ju méjì ìṣáájú lọ, nítorí ẹnu wa ló ti ń jáde.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń bá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò eré sísá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní MGB, tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon láti 1962 títí dé 1980. Àwọn tó ṣì ní i lónìí mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó fẹ́ lẹ ihò kékeré lábẹ́ ilẹ̀kùn á rí i pé irin ẹ̀gbẹ́ tó gbé gbogbo mọ́tò ró gan-an ni ìpẹtà ti jẹ, iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì di iṣẹ́ ọdún kan. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, eré ọwọ́ dilẹ̀ ni. Wọ́n ní mọ́tò mìíràn tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Mọ́tò tiwa ló ń gbé oúnjẹ wa. Ọjọ́ tó bá dúró, ọjà dúró nìyẹn.

Ó yẹ ká rántí bí a ṣe débí. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé 504 jáde ní 1968. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún kan náà. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ra mọ́tò tuntun. Láti 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀, tuntun kò ṣeé rà fún mẹ̀kúnnù mọ́, tòkúnbọ̀ ló gbòde. Micra tó ń ṣe takisí kiri Ìbàdàn yìí pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n tún yọ ọwọ́ ìjọba kúrò lórí iye náírà ní oṣù kẹfà 2023, ọjà Araromi ní Agodi Gate náà mọ̀ ọ́n lára, nítorí òkè òkun ni púpọ̀ nínú ẹ̀yà mọ́tò ti ń wá. Nítorí náà, ẹni tó ń fi mọ́tò sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́rin, iye tó fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni yóò fi parí.

Ṣé ká má tún mọ́tò ṣe mọ́ ni? Rárá o. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ká ní wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn kó tó já, tàbí kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ní ẹsẹ̀ òkè Mapo, ìtàn yìí kò ní wáyé. Ohun tí à ń sọ ni pé "kúkú" méjì ló wà. Èkíní ni ti ọlọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá ti sọ gíà kalẹ̀ nítorí páléètì kílọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n pààrọ̀ bíárìn kílọ́ọ̀ṣì àti ìdè ọ́ìlì tó wà níbẹ̀, nítorí owó iṣẹ́ kan náà ni, bí wọ́n bá sì fi wọ́n sílẹ̀, ẹ ó tún san owó àti sọ gíà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èkejì ni ti onígbèsè: iṣẹ́ tí kò sí lójú ọ̀nà èyí tí à ń ṣe, tó jẹ́ pé ojú ló wù. Ọ̀dà, ìjókòó tuntun, rédíò, gbogbo wọn lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Bí ìgbìmọ̀ ṣe yanjú ti ìyá wa nìyí. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a ní kí mẹkáníìkì ka ohun tó kù fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì yọ gbogbo ohun tí kò ní dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà kúrò. Wọ́n to ẹ́ńjìnnì pọ̀, wọ́n jó irin mọ́ ilẹ̀ mọ́tò níbi tí ìjókòó wà, wọ́n sì dá ọ̀dà dúró. Mọ́tò ti padà sójú ọ̀nà Ṣakí báyìí. Kò lẹ́wà, àwọn èèyàn sì ń fi ara rẹ̀ alábàwọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èlùbọ́ ń dé. Ìyá ṣì ń san gbèsè náà, kò sì tíì pa oṣù kan jẹ.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ní òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà láti 1935. Ohun tí a bá yá owó fún ni kí a fi owó ṣe; ìlànà tiwa nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yáwó tún mọ́tò ṣe, kí ó mú nǹkan wọ̀nyí wá:

1. Ìwé láti ọwọ́ mẹkáníìkì, tí ó kọ ohun tí yóò ṣe sí, àti ohun tí ó lè rí lẹ́yìn tó bá ṣí i.

2. Iye tí wọ́n lè ta mọ́tò náà bó ṣe wà. Bí àtúnṣe bá ti ju ìdajì rẹ̀ lọ, kí a jókòó sọ̀rọ̀ ná.

3. Ẹ̀rí pé owó díẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe kó gbogbo owó lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà.

4. Àwọn onídùúró méjì tí wọ́n ti fi ojú ara wọn rí mọ́tò náà.

Kí ẹ tó kúrò nílé láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ṣí iwájú mọ́tò yín, kí ẹ wo bẹ́líìtì, omi àti ọ́ìlì. Ìyẹn kò gba fọ́ọ̀mù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́