Ohun Rírọ̀ Tí Egungun Ń Ṣọ́

Bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn láàárọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn alápatà, kí ẹ dúró díẹ̀ níwájú ẹni tó ń ta orí màlúù. Àáké ló fi ń la agbárí, torí egungun ibẹ̀ kò gbọ́ ti ọ̀bẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù: ó funfun, ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára tín-ín-rín tín-ín-rín, ó sì ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò tíì sá. Alápatà á bó awọ fẹ́lẹ́ kan kúrò lójú rẹ̀, á rọra gbé e sínú abọ́, torí bó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ jù, ó fọ́ nìyẹn. Ọpọlọ là ń wí o, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké lódò.

Ti ènìyàn jọ ọ́, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ dáadáa: kílò kan àti nǹkan bíi gíráàmù 300 sí 400 lára àgbàlagbà. Awọ mẹ́ta ló wé e. Omi wà láàárín awọ àárín àti èyí tó lẹ̀ mọ́ ọpọlọ gan-an, nǹkan bíi mílílítà 150, inú rẹ̀ sì ni ọpọlọ ń léfòó sí. Ohun tó wá jẹ́ ìyanu ni pé ọpọlọ tó ń mọ gbogbo ìrora ara kì í mọ ìrora tirẹ̀. Oníṣègùn lè fọwọ́ kàn án kí aláìsàn ṣì máa bá a sọ̀rọ̀ lọ.

Láti ìpàkọ́ ni okùn rẹ̀ ti wọnú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Kò nípọn ju ọmọńdinrín lọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹni tó bá rò pé ó dé ìdí ti ṣì í. Òkè ìbàdí ló parí sí, tó wá ya ní fọ́nrán-fọ́nrán bí ìrùkẹ̀rẹ̀ ọba. Àwọn tó fi èdè Látìn sọ ọ́ lórúkọ pè é ní ìrù ẹṣin. Ojú kan náà la fi rí i. Ibi ìrùkẹ̀rẹ̀ yìí ni dókítà ń ki abẹ́rẹ́ sí bó bá fẹ́ fa omi ẹ̀yìn, kó má baà gún okùn.

Èdè wa kò ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀: iṣan ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni ohun tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan náà sì ni èyí tó ń gbé ìròyìn lọ bọ̀. Ti oníròyìn yìí, 12 ló ti ọpọlọ wá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 31 ti okùn ẹ̀yìn. Ẹ wo alákàrà tó dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì l'Ágbowó. Ìka rẹ̀ ṣèèṣì kan etí agbada. Ọwọ́ ti kúrò níbẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀: okùn ẹ̀yìn ló dá ẹjọ́ yẹn, kò dúró de orí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìrora á wá dé. Àkọ́kọ́ a ta á ṣánṣán, torí ọ̀rá wé iṣan tó gbé e, ó sì yára. Ìkejì, èyí tó ń jó ni díẹ̀díẹ̀, a wọ́ tẹ̀lé e lórí iṣan tí kò lọ́ràá. Láàárín méjèèjì lẹ ó ti gbọ́ "Yéè!"

Ní ilé ìwòsàn UCH, tí kò jìnnà sí Bódìjà, ni Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962, òun ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ yanjú. Akéwì ni pẹ̀lú, kò sì yà mí lẹ́nu. Ìbàdàn yìí náà ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti ṣèwádìí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó bí iná, síbẹ̀ tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀: bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ṣubú. Ojú àwọn mìíràn lọ, etí àwọn mìíràn di. Májèlé inú gbágùúdá tí wọn kò rẹ tó ló tọ́ka sí. Àwọn ìyá wa tó ń rẹ láfún fún ọjọ́ mélòó kan mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Pẹlẹbẹ ni gbogbo rẹ̀, ọpọlọ àti okùn ẹ̀yìn, ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí oyún dúró, ìlà kan á wà lẹ́yìn ọlẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Etí rẹ̀ méjèèjì á gbéra, á tẹ̀ síra wọn, á lẹ̀ pọ̀. Agbègbè ọrùn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, á wá máa lọ sókè, á máa lọ sísàlẹ̀, bíi síìpù tí wọ́n ń fà sọ́nà méjì. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 28, ó ti dí, ìyá sì lè má tíì mọ̀ pé òun fẹ́ra kù. Bí òkè kò bá dí, agbárí ọmọ kò ní pé. Bí ìsàlẹ̀ kò bá dí, kókó lè yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ lè má gbé e. Ìdí nìyí tí folic acid fi jẹ́ oògùn ẹni tó ń retí oyún. Ẹni tó dúró di ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní kílíńìkì aboyún, àsìkò ti kọjá lára rẹ̀.

Ọpọlọ ọmọ tuntun kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àgbàlagbà lọ. Kó tó pé ọdún méjì, yóò ti di nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Egungun orí kò gbọdọ̀ há a mọ́, ni àwùjẹ̀ fi wà. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n kà: bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tí àwùjẹ̀ jìn wọlé, omi ti gbẹ lára rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo dúró lọ́dọ̀ alápatà, ìyàwó kan tó pọn ọmọ ń ná ẹran orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fìlà ọmọ ti yẹ̀, àwùjẹ̀ rẹ̀ ń sọ kìì, kìì, lábẹ́ irun fẹ́lẹ́. Alápatà gbé àáké sókè, ó sọ ọ́ lé agbárí màlúù. Ìyá ọmọ kò wẹ̀yìn. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa fìlà bò ó.