Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Òṣèlú Kéékèèké Ṣe Ń Yan Olùdíje Fún Ipò Ààrẹ

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà tò láti dìbò yan Ààrẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú méjìdínlógún ni àmì wọn wà lórí ìwé ìdìbò. Ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣòwò ní Sábọ̀n Gàrí ní ìlú Kánò, tàbí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Jọ́ọ̀sì, mọ mẹ́rin nínú wọn bí ẹni mọ owó. Tinúbú ti APC ni ó gbégbá orókè. Atiku ti PDP ni ó ṣìkejì. Peter Obi ti Labour ṣìkẹta. Kwankwaso ti NNPP sì tẹ̀lé wọn. Mẹ́rìnlá ni ó ṣẹ́kù. Ta ni ó yan àwọn mẹ́rìnlá wọ̀nyí? Níbo ni a ti yàn wọ́n, ènìyàn mélòó ni ó sì jókòó níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ju bí ó ti lérò lọ. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pàṣẹ pé kí orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú wà ní Àbújá, kí àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀ sì ti ìpínlẹ̀ tí kò dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ wá. Èyí kò ni ẹgbẹ́ ńlá lára. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ bí mélòó kan dá sílẹ̀ ní Èkó ni yóò máa wá ẹni tí yóò ṣojú rẹ̀ ní Sókótó àti ní Máídúgùrì, ará ilé tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ kò sì ní í ṣòro láti rí. Ẹni tí ó ti ń rán aṣọ fún ogún ọdún ní ìdálẹ̀ lè ṣàdédé di àṣojú ẹgbẹ́ tí a ń fi ọkọ̀ gbé lọ sí àpéjọ láti lọ yan ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí a pè é wá ṣe.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí a fi ṣe ìdìbò ọdún 2023, la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ ní abala 84. Èkíní ni pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò fúnra wọn. Èkejì ni pé kí wọ́n yan àwọn àṣojú, kí àwọn àṣojú náà lọ dìbò ní àpéjọ gbogbogbòò. Ẹ̀kẹta ni ìfẹnukò, pé kí àwọn tí ó ń du ipò náà fi í sílẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n òfin kò fi ìfẹnukò sílẹ̀ lásán. Olúkúlùkù ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fi tinútinú yọ̀ǹda, òun sì fara mọ́ ẹni tí a mú. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, àpótí ìbò ni a ó padà sí. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó dùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jù lọ, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé ìtura àwọn àṣojú láti ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì lè jẹ gbogbo àpò ẹgbẹ́ tán kí a tó dé ọjọ́ ìdìbò gan-an.

Ìjà lórí ẹni tí yóò jẹ́ olùdíje kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí ilẹ̀kùn òṣèlú, ẹgbẹ́ NPP kóra jọ pẹ̀lú ayọ̀. Alhaji Waziri Ibrahim, ọlọ́rọ̀ kan láti Borno tí ó máa ń wàásù pé kí a ṣe òṣèlú láìsí ìkorò, fẹ́ jẹ́ alága ẹgbẹ́, ó sì tún fẹ́ jẹ́ olùdíje fún ipò Ààrẹ. Àwọn tí ó kù ní orí kan kì í dé fìlà méjì. Wàhálà náà ni ó fọ́ ilé náà sí méjì kí ọdún tó parí. Waziri kó àwọn tirẹ̀ lọ dá GNPP sílẹ̀. Olóyè Adéníran Ògúnsànyà di alága NPP, Nnamdi Azikiwe sì di olùdíje wọn. Nígbà tí a ka ìbò ní ọdún 1979, Azikiwe ṣìkẹta, Waziri sì ṣe ìkarùn-ún nínú àwọn márùn-ún tí ó díje. Ẹni tí ó wàásù òṣèlú láìsí ìkorò ni ó jẹ nínú èyí tí ó korò jù.

PRP ti Mallam Aminu Kano rí ìyọnu mìíràn. Ikú mú aṣáájú náà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1983, nígbà tí ìdìbò kù sí oṣù mẹ́rin. Alhaji Hassan Yusuf ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Níbi tí orúkọ ẹnìkan bá ti jẹ́ òpó ilé, ìwé òfin ẹgbẹ́ kò lè di òrùlé mú bí òpó náà bá wó.

Èyí tí ó dun àwọn ọmọ Yorùbá jù ni ti ọdún 1999. Ẹgbẹ́ AD ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá nínú ìdìbò gómìnà oṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Bí a bá wo Nàìjíríà lápapọ̀, ẹgbẹ́ kékeré ni, nítorí pé kò ní ẹsẹ̀ kankan ní ibòmíràn. Ẹni méjì ni ó gbajúmọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ kí ó fà wọ́n kalẹ̀: Olóyè Bọ́lá Ìgè, gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 1979 títí di 1983, tí ó tún jẹ́ igbákejì aṣáájú Afẹ́nifẹ́re, àti Olóyè Olú Fálaè, ọmọ Àkúrẹ́, tí ó ti ṣe akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ àti mínísítà ètò ìnáwó nígbà Babangida. Afẹ́nifẹ́re kò pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ sí pápá. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà tí iye wọn kò pé ọgbọ̀n ni ó jókòó ní ilé ìtura D'Rovans ní Ìbàdàn, wọ́n dìbò láàrin ara wọn, Fálaè sì borí.

Àwọn tí ó ṣe ètò náà ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àkókò ti lọ, ìdìbò Ààrẹ kù dẹ̀dẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé ohun tí àgbà bá jókòó rí, ọmọdé kò ní í rí i bó dìde. Ṣùgbọ́n inú Ìgè kò dùn, kò sì fi í pamọ́. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ rí i pé inú yàrá kan ni a ti pinnu ọ̀ràn òun, àwọn tí òun ń pè ní ará ilé ni ó sì pinnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wọn ni ó dìbò tí wọ́n sì kọ̀ ọ́, ọgbẹ́ náà ìbá tètè jinná. A kò lè bínú sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bí a ti lè bínú sí ogún ènìyàn tí a mọ orúkọ wọn.

Òkè kejì tún ń bẹ níwájú. AD nìkan kò lè dé Àbújá, nítorí náà ó bá ẹgbẹ́ APP dòwò pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ogbonnaya Onu, tí APP ti fà kalẹ̀, gba ọ̀nà sílẹ̀. Abẹ́ àmì APP ni Fálaè ti díje, Umaru Shinkafi sì ni igbákejì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1999, Ọbásanjọ́ ti PDP ní 18,738,154, Fálaè sì ní 11,110,287. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ni ó tẹ̀lé Fálaè, títí kan ìpínlẹ̀ Ògùn tí Ọbásanjọ́ ti wá.

Kí ọdún náà tó parí, Ìgè ti di mínísítà nínú ìjọba Ọbásanjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá díje. Àwọn àgbà Afẹ́nifẹ́re kò fojú kan wo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àwọn apànìyàn pa Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2003 fi dé, PDP gba márùn-ún nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà náà, Èkó nìkan ni ó kù lọ́wọ́ AD. Kì í ṣe D'Rovans nìkan ni ó fa gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà òṣèlú kan tí yóò sọ ìtàn bí AD ṣe fọ́ tí kò ní í dárúkọ ilé ìtura náà.

Láti ọdún 2003, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá Gani Fáwẹ̀hìnmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láre pé INEC kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àfikún ìdíwọ́ sọ́nà ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ pọ̀ bí eéṣú. Ní ọdún 2019 wọ́n ti di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, àwọn olùdíje fún ipò Ààrẹ sì jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rin. Àwọn kan nínú wọn rí i pé àṣedànù ni èyí. Ní ọdún 2018 wọ́n kóra jọ sábẹ́ orúkọ PACT, wọ́n sì gbà láti fi ẹnu kò sórí ẹnìkan. Fẹ́lá Dúrótóyè ni wọ́n mú ní ìparí oṣù kẹjọ. Inú kò pẹ́ tí ó fi pín. Ọmọ́yẹlé Ṣòwòrẹ́ kò tẹ̀lé e, Kingsley Moghalu náà kò tẹ̀lé e, olúkúlùkù sì gba ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ. Ṣòwòrẹ́ rí ìbò 33,953, Moghalu rí 21,886, Dúrótóyè tí a fẹnu kò lé lórí sì rí 16,779. Adéhùn tí kò ní ohun tí yóò fi de ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ní ọdún kan náà, SDP ṣe ìdìbò abẹ́lé tòótọ́. Donald Duke ní ìbò 812, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jerry Gana sì ní 611. Gana gba ilé-ẹjọ́ lọ, ó ní ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ pé alága àti olùdíje kò gbọdọ̀ ti apá kan náà wá, alága sì ti gúúsù wá bí Duke. Ta sì ni alága náà? Olú Fálaè ni. Ilé-ẹjọ́ kan ní Àbújá fi Gana sípò ní oṣù kejìlá. Ó di oṣù kejì ọdún 2019 kí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ tó fi Duke múlẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó kù ti polongo tán.

KOWA, ní tirẹ̀, fi hàn pé ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe é láìsí ariwo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rẹ̀mí Ṣónáìyà, tí ó kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ifẹ̀, ni ó fà kalẹ̀ ní ọdún 2015, òun nìkan sì ni obìnrin tí ó díje fún ipò Ààrẹ nígbà náà. Ní ọdún 2018 ó tún jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì yan Adéṣínà Fágbénró-Byron dípò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, INEC pa orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin rẹ́, KOWA wà lára wọn. Ẹgbẹ́ YPP ti Moghalu yè é, nítorí pé Ifeanyi Ubah ti gba àga kan fún un ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti Anambra. Àga kan ṣoṣo ni ó ṣe ohun tí olùdíje Ààrẹ kò lè ṣe.

Èyí ni ó jẹ́ kí àwọn tí ó kù níye lórí ní ọdún 2022. Ẹgbẹ́ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dà bí ilé tí ìwé rẹ̀ pé: ẹni tí onílé bá lé jáde níbòmíràn lè sáré wọ̀ ọ́. Peter Obi wọ ẹgbẹ́ Labour ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ 30, ní Asaba, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pat Utomi gba ọ̀nà sílẹ̀ fún un, ó sì di olùdíje. Níbi tí wọn kò bá ti rí igbákejì ní kíákíá, ẹlòmíràn ni wọ́n fi di àyè mú títí ẹni tí ó ni àga yóò fi dé; Doyin Okupe ni ó jókòó dè é ní Labour, Kabir Masari sì ṣe irú rẹ̀ ní APC. PRP, ẹgbẹ́ Aminu Kano àtijọ́, fa Kọ́lá Abíọ́lá, ọmọ olóògbé M.K.O., kalẹ̀ lẹ́yìn tí ó borí Usman Bugaje. Nínú SDP, Adéwọlé Adébáyọ̀, ọmọ Oǹdó, ní ìbò 1,526, Khadijah Òkúnnú-Lámídì sì ní 83.

Abẹ́òkúta ni ADC ti ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Dumebi Kachikwu ní 977, Moghalu tí ó ti kúrò ní YPP sì ní 589. Moghalu fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn pé owó ni ó dìbò. Kò pẹ́ tí Kachikwu fúnra rẹ̀ fi dojú ìjà kọ Ralph Nwosu, alága tí ó ti di ẹgbẹ́ náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ sì kéde pé ó dá olùdíje ara rẹ̀ dúró ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú ìdìbò. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ìbò 81,919 ni ó sì rí.

Ní oṣù keje ọdún 2025, Nwosu gbé kọ́kọ́rọ́ ilé náà fún àwọn àlejò ńlá. Atiku wà lára àwọn tí ó wọlé, wọ́n fi David Mark ṣe alága fìdíhẹ, wọ́n sì fi Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀ rí, ṣe akọ̀wé. Kachikwu ta kò ó lójú ẹsẹ̀, ó ní a kò bi àwọn tí ó ti wà nínú ilé kí a tó ṣí ilẹ̀kùn.