Ẹ̀jẹ̀ Tí A Rí Lára Orin: Kí Ni Erìgì Ń Wí Fún Wa?

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní Tafo, ní ìhà àríwá ìlú Kumasi, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Mampong, ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í fi ẹnu kan oúnjẹ kí wọn tó fi igi run eyín. Tweapea ni àwọn ará Àṣáńtì ń pe igi náà, ìbátan orógbó tiwa sì ni. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin lọ ṣòwò ní Kumasi, kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá sílé, kò wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní àṣà yìí. Orin àtá àti orin ìdí ti wà lẹ́nu wọn láti ilé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ìmọ́tótó ẹnu.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó wọ́pọ̀ ní Tafo, tí ó sì wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó pẹ̀lú. Ẹnìkan ń run orin, ó tu itọ́, ó sì rí ẹ̀jẹ̀. Yóò ní orin náà ni ó le jù. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní fi ọwọ́ kan ibi tí ó ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Erìgì tí ó dá ṣáṣá kì í ṣẹ̀jẹ̀ nítorí pé a fi orin tàbí búrọ́ọ̀ṣì kàn án jẹ́jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí ni ó fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ní ọdún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní ilẹ̀ Denmark, ní kí ènìyàn 12 tí erìgì wọn dá má ṣe fọ ẹnu fún ìgbà díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ 3 tó pé, erìgì gbogbo wọn ti ń ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹnu, erìgì wọn padà bọ̀ sípò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ó sì dẹ́kun fífọ ibẹ̀, ń bọ́ àìsàn náà ni.

Báyìí ni ó ṣe ń rí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí a kó ara wọn jọ sí ìdí eyín, wọn a sì bò ó bí awọ fẹ́lẹ́. Nígbà tí awọ yìí ṣì rọ̀, orin lè mú un kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀, àwọn èròjà inú itọ́ yóò sọ ọ́ di líle bí òkúta. Àwọn àgbà ní, kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kò sí orin tàbí búrọ́ọ̀ṣì tí í ha òkúta yìí kúrò. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, erìgì yóò ṣí kúrò lára eyín, egungun tí ó di eyín mú yóò sì máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé kì í sábà dunni, ènìyàn kò ní fura títí eyín yóò fi máa mì, tí yóò sì wí pé ọjọ́ ogbó ni ó dé. Tábà mímu àti àrùn àtọ̀gbẹ a máa mú kí ó burú sí i.

Iṣẹ́ ẹni tí a ń pè ní olùtọ́jú ìmọ́tótó ẹnu bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Òun kì í ṣe dókítà eyín, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fàlà sí wọn bí erìgì ti ṣí tó. Yóò ha òkúta náà kúrò lókè erìgì àti lábẹ́ rẹ̀, yóò sì kọ́ ènìyàn bí yóò ti máa fọ ẹnu rẹ̀ nílé. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé eyín tí a bá ha yóò máa mì, tàbí pé àlàfo yóò wà láàárín eyín. Òkúta náà ni ó ti dí àlàfo náà. Àìsàn ni ó sì ti jẹ egungun kí a tó ha á. Egungun tí ó ti lọ kì í sábà hù padà, ṣùgbọ́n a lè dá àìsàn náà dúró.

Ní ìlú Bridgeport, ní Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà eyín Alfred Fones kọ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Irene Newman, ní ọdún 1906. Ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní ọdún 1913. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ni a rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Enugu ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Ní Kumasi pẹ̀lú, yunifásítì KNUST ń kọ́ àwọn dókítà eyín. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà, a kò sì ní àwíjàre bí a kò bá tọ̀ wọ́n lọ kí eyín tó bẹ̀rẹ̀ sí mì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí oúnjẹ kò bá ká ọmọdé lára, tí erìgì rẹ̀ wú, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó rán an lọ sí ilé ìwòsàn. Inú erìgì ni àrùn noma, tí ń jẹ ojú ọmọdé, ti í bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì.

Kí a má ṣe sọ orin wa nù. Kí a jẹ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì, kí a fi í ra eyín jẹ́jẹ́ láti ìdí erìgì wá, níwájú àti lẹ́yìn, lówùúrọ̀ àti lálẹ́, kí a sì fi òwú nu àárín eyín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń bá a lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí a dìde lọ rí olùtọ́jú ẹnu. Ogún bàbá wa ni orin. Ìmọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ sì ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀.