Bí Wọ́n Bá Ń Lu Ọlọ́pàá Lójú Títì, Ṣé Ká Dá Sí I?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fa àríyànjiyàn débi pé ìrẹsì tutù sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ló bi wá pé, bí a bá ń kọjá lọ, tí a rí ọlọ́pàá tí àwọn èèyàn ti dà bolẹ̀ tí wọ́n ń lù ú, ṣé ká dá sí i ni, àbí ká bá tiwa lọ? Àwọn ọ̀dọ́ ní ká bá tiwa lọ. Àǹtí wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọmọ ẹnì kan ni ọlọ́pàá náà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí ná. Mo wá ní kí n lọ wò ó dáadáa, kí n kọ ohun tí mo rí síbí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ariwo rí ní ìlú Ọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, fídíò kan jáde láti Merton, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́pàá méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ń bá àwọn kan jìjàkadì láàrin títì. Wọ́n ta obìnrin náà nípàá, ó ṣubú sójú ọ̀nà, wọ́n sì ń wọ́ ọkùnrin náà kiri. Ọkọ̀ ń kọjá, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń wò. Ken Marsh, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, bínú gan-an. Ohun tó sọ ni pé bí ará ìlú kò bá ní ran àwọn lọ́wọ́, ó lè di pé kí ọlọ́pàá máa fi ẹni tó bá le jù fún un sílẹ̀ kó máa lọ.

Kí n sọ òótọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ báyìí bá dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọ Yorùbá, ó ní ibi tó ti máa ń há sí wa lọ́rùn. Nílé, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọ̀rẹ́ wa ni ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ojú wa rí. Ẹni tó bá gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá lọ sí ọsibítù, òun náà lè di ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní tésàn. Ìbọn á ba èèyàn, ọsibítù á ní kó lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Ọdún 2017 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tún tú síta ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 nítorí ìwà àwọn SARS, gbogbo ayé sì gbọ́. Nítorí náà, tí màámi kan bá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé "kò kàn wá, jẹ́ ká máa lọ", mi ò lè pè é ní ọ̀dájú. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síbí náà ní tiwọn nílẹ̀: ẹni tí ọlọ́pàá ti dá dúró tú àpò rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan, kò lè sáré lọ gbà á sílẹ̀ bí ẹni ń sáré lọ gba àbúrò rẹ̀.

Ó dáa, òfin ńkọ́? Ní England àti Wales, kò sí òfin tó fi ipá mú ẹni tó ń kọjá lọ pé kó yọ àjèjì nínú ewu. Bí àjèjì bá ń rì sínú omi tí ẹ dúró tí ẹ ń wò ó, ojú lè tì yín, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò ní ránṣẹ́ pè yín, àfi tó bá jẹ́ ọmọ yín tàbí ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ti ọlọ́pàá ló yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀. Lọ́dún 1841, wọ́n dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní R v Brown. Ọlọ́pàá fẹ́ tú èrò tó pé jọ síbi ìjà ẹ̀ṣẹ́ ká, ó ní kí ọkùnrin kan wá ran òun lọ́wọ́, ọkùnrin náà kọ̀. Adájọ́ Alderson ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kíkọ̀ náà bí nǹkan mẹ́ta bá pé: kí ọlọ́pàá rí i pé wọ́n ń da àlàáfíà rú, kó jẹ́ pé ó nílò ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́, kó sì pe ẹni náà, kí ẹni náà kọ̀ láìsí àwáwí tó bófin mu, tí kì í sì í ṣe pé ara rẹ̀ kò lè gbé e. Adájọ́ yìí tún fi kún un pé èèyàn kò lè fi "kí ni èmi nìkan fẹ́ ṣe sí i" ṣe àwáwí. Òfin náà ṣì wà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó fi pe èèyàn lẹ́jọ́.

Ẹ wo ibi tí ó wà o. Bí ọlọ́pàá kò bá pè yín, òfin kò dì yín lọ́wọ́ mú. Bó bá pè yín, ó yẹ kí ẹ ṣe ohun tí agbára yín ká. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń fi ọ̀pá rìn, ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn, mi ò rò pé adájọ́ kankan máa bá wọn wí.

Òfin míì ló fún ẹni tó bá wù láti ṣèrànwọ́ láyè. Òfin ọdún 1967 tí wọ́n ń pè ní Criminal Law Act, ní abala kẹta rẹ̀, gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo ipá tó mọ níwọ̀n láti dènà ìwà ọ̀daràn tàbí láti bá wọn mú ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ "tó mọ níwọ̀n" yìí ni kókó. Ẹ já ọwọ́ ẹni tó fún ọlọ́pàá lọ́rùn kúrò, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Wọ́n ti wá fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ tán, ẹ wá ń ta á nípàá lórí, ẹ̀yin náà ti di ọ̀daràn nìyẹn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 1996 sì sọ pé ẹni tó bá lu ẹni tó ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ̀bi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lu ọlọ́pàá gan-an.

Àwọn ará wa ní ilẹ̀ míì, tiyín kò jìnnà sí i. Ní Kánádà, ó wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 129, pé ẹni tí ọlọ́pàá bá pè láti ràn án lọ́wọ́ mú ẹnì kan tàbí láti pa àlàáfíà mọ́, tó kọ̀ láìnídìí, lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún méjì. New York ní irú rẹ̀. California ní tirẹ̀ láti ọdún 1872, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ẹgbẹ̀rún dọ́là kan, kí Gómìnà Gavin Newsom tó fọwọ́ sí i ní ọdún 2019 pé kí wọ́n pa á rẹ́.

Òfin nìyẹn. Ewu inú rẹ̀ ló wá kàn, ibẹ̀ ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2017, ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ gún ọlọ́pàá Keith Palmer, tí kò gbé ìbọn, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster. Tobias Ellwood, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ náà tó ti ṣe sójà rí, kúnlẹ̀ tì í, ó ń tẹ ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Palmer kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló kú sí. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, ní London Bridge, ọlọ́pàá Wayne Marques fi kóńdó lásán dojú kọ ọkùnrin mẹ́ta tó mú ọ̀bẹ dání. Ignacio Echeverría, ọmọ Sípéènì, ẹni ọdún 39, bá wọn jà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, skateboard rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pa á. Ìjọba fún un ní George Medal lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìyẹn sí ìtàn akọni lásán, òbí tó sin ọmọ wà nídìí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn pọ̀ sí, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Arizona, ní oṣù kìíní ọdún 2017, Thomas Yoxall rí ọkùnrin kan tó gun orí ọlọ́pàá tó ti fara gbọta, tó ń lù ú lójú títì márosẹ̀. Yoxall ní kó dáwọ́ dúró, kò gbọ́, ó yìnbọn fún un, ọlọ́pàá náà sì yè é. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Arvada, ní Colorado, ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ọkùnrin kan yìnbọn pa ọlọ́pàá Gordon Beesley. Johnny Hurley, tó wà nítòsí, yìnbọn fún apànìyàn náà, ó sì dá a dúró. Ó wá gbé ìbọn apànìyàn náà nílẹ̀. Ọlọ́pàá míì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí ọkùnrin tó di ìbọn mú, ó yìnbọn pa Hurley. Wọn kò fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá yẹn.

Òyìnbó ni Hurley o. Tó bá wá jẹ́ aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Jemel Roberson, ẹni ọdún 26, ń ṣe síkọ́rítì nílé ọtí kan ní Robbins, nítòsí Chicago. Wọ́n yìnbọn nínú ilé ọtí náà, Roberson mú ọkùnrin kan, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọlọ́pàá fi máa dé. Ọlọ́pàá dé, Roberson ni ó yìnbọn pa. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọkùnrin, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Èrò tèmi nìyí. Mo fara mọ́ àǹtí wa nọ́ọ̀sì pé kò yẹ ká kọjá lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ìjà nìkan, ìjà ló sì yẹ kó kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ pe 999, ẹ sọ orúkọ òpópónà, iye àwọn tó ń jà, àti bóyá ohun ìjà wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ní kí ẹ tẹ 55 lórí fóònù alágbèéká, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé wọ́n á mọ ibi tí ẹ wà, ẹ ṣì ní láti wá ọ̀nà fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró níbi tí ọlọ́pàá ti lè rí yín, kí ẹ bi í sókè pé ṣé ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Bó bá ní kí ẹ di ẹsẹ̀ ẹni náà mú, ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ dì mú. Ẹ má fọwọ́ kan kóńdó, ìbọn tàbí ohunkóhun tó já bọ́ nílẹ̀. Bí àwọn ọlọ́pàá yòókù bá dé, ẹ sún sẹ́yìn kíá, kí ọwọ́ yín méjèèjì hàn, òfìfo. Ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì, ọgbẹ́ ni kó dojú kọ, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Fídíò ńkọ́? Kò lòdì sófin láti ya ọlọ́pàá ní gbangba ní ìlú Ọba, ó sì lè wúlò nílé ẹjọ́, yálà ọlọ́pàá ló jàre tàbí òun ló jẹ̀bi. Ẹ ṣáà má dí wọn lọ́nà. Kí ẹ sì ti pe 999 kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè.

Ó ku ohun kan tí ẹ̀gbọ́n wa béèrè: bí èèyàn bá fara pa ńkọ́, ta ni yóò san án? Ní England, Wales àti Scotland, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Criminal Injuries Compensation Authority. Bí wọ́n bá lù yín, ẹ lè béèrè owó lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣubú ni nígbà tí ẹ ń lé ọ̀daràn, ẹ ní láti fi hàn pé ewu tí ẹ fẹ̀mí ara yín wọ̀ kọjá ti ojoojúmọ́, ó sì tọ́ kí ẹ wọ̀ ọ́. Ọdún méjì ni wọ́n fún àgbàlagbà láti kọ̀wé. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ fi tó ọlọ́pàá létí lásìkò, ẹ̀wọ̀n tí èèyàn ti ṣe rí sì lè jẹ́ kí wọ́n dín owó kù tàbí kí wọ́n má san nǹkan kan. Nọ́ńbà ẹjọ́ tí ọlọ́pàá bá fún yín, ẹ kọ ọ́ síbi tí kò ní sọnù, wọ́n máa béèrè rẹ̀.