Kẹ́mísírì Ni Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Mú: Láti Community College Dé Yunifásítì ní California

Ẹ̀yin òbí wa tí ọmọ yín wà ní California, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tó bá lo ọdún méjì ní community college lè kọjá sí yunifásítì ìjọba, kí ó sì wọ ọdún kẹta níbẹ̀. Owó rẹ̀ kéré gan-an fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n á ní kí ó ṣáà ti kó yúníìtì 60 jọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yúníìtì 60 wo?

Ẹni tó fẹ́ gboyè nínú sáyẹ́ǹsì àyíká, ìyẹn ìmọ̀ nípa omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ohun abẹ̀mí, yóò nílò kẹ́mísírì, kálíkúlọ́ọ̀sì àti báyólójì, nígbà mìíràn físíìsì pẹ̀lú. Àwọn kọ́ọ̀sì yìí so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Ọmọ tí álíjẹ́bírà rẹ̀ kò dúró dáadáa kì í sábà rí kẹ́mísírì àkọ́kọ́ wọ̀. Ẹni tí kò yege nínú àkọ́kọ́ kò lè wọ ìkejì. Bí ó bá sún un di ọdún kejì, ọdún méjì á di mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọsẹ̀: kọ́ọ̀sì tó rọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, wọ́n ní kí ara àwọn mọlé ná. Àmọ́ kí ó má kó sáyẹ́ǹsì mẹ́ta pọ̀ nínú sáà kan o. Iṣẹ́ láàbù ń jẹ àkókò. Ẹ jẹ́ kí ó fi kọ́ọ̀sì gbogboògbò là á láàrin.

Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ ASSIST, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ á yan kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, yunifásítì tó ń wá àti oyè náà, á sì rí kọ́ọ̀sì tí wọn yóò gbà. Ohun tí Berkeley ń béèrè lè yàtọ̀ sí ti Davis, nítorí náà kí ó wo ibi méjì mẹ́ta, kí ó mú èyí tó kárí wọn. Kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ó sì mú un lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀.

Davis, Irvine, Merced, Riverside, Santa Barbara àti Santa Cruz ní ètò TAG, tó ń fún ọmọ tó bá pé ohun tí wọ́n béèrè ní ìdánilójú àyè. Berkeley, Los Angeles àti San Diego kò sí nínú rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ìwọlé ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù TAG. Ti ìwọlé gan-an ń tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, dandan sì ni kí ó kún méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo oyè ni TAG kárí, nítorí náà kí ó yẹ orúkọ oyè náà wò lọ́dọọdún.