Tọ́ọ̀bò lórí ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀: Ohun tó yẹ kí ọlọ́kọ̀ Bantè mọ̀ kó tó náwó

Bí àsìkò kajú bá ti dé ní agbègbè Bantè, ojú ọ̀nà tó ti Savalou wá, tó gba Bantè kọjá lọ sí Bassila, kì í sinmi mọ́. Kajú, iṣu, gbágùúdá àti òwú ń lọ, ọjà Kútọnu ń bọ̀. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó wọn ló jẹ́ tòkúnbọ̀, tó ti ṣiṣẹ́ ọdún pípẹ́ lókè òkun kó tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Bí ẹrù bá wúwo tí ọkọ̀ kò fẹ́ gun òkè mọ́, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọlọ́kọ̀ ni pé kí mẹkáníìkì bá òun fi tọ́ọ̀bò sí i.

Kò burú, bí ẹ́ńjìnì bá lè gbà á. Bí kò bá lè gbà á, owó kajú ọdún kan lè bá ẹ́ńjìnì náà lọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ni tọ́ọ̀bò ń ṣe?

Èéfín gbígbóná tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ yìí ló ń yí èkejì, tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, epo tó pọ̀ lè jó, agbára á sì pọ̀ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí lọ́dún 1905.

Àmọ́ agbára kì í dá wá. Ooru àti ìtì tó lágbára ló máa ń bá a rìn. Nígbà tí Mercedes gbé ọkọ̀ 300SD jáde lọ́dún 1978, tó fi tọ́ọ̀bò sí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì oní-síléńdà márùn-ún, agbára rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 80 ẹṣin dé nǹkan bí 110. Wọn kò kàn so tọ́ọ̀bò mọ́ ọn lásán. Wọ́n ṣe ọ̀nà tí ọ́ìlì á máa gbà tú sí abẹ́ písítìn kó lè tutù. Bí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ́ńjìnì bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ẹ́ńjìnì tó ti gbó?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kẹ́ ẹ tó fi sí i

Àkọ́kọ́, kí mẹkáníìkì wọn inú síléńdà. Bí ó bá ti jẹ, kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n fi písítìn tó bá a mu sí i. Àlàfo kékeré wà láàárín etí ríìngì méjèèjì. Ooru sì máa ń mú irin gbòòrò. Bí àlàfo náà bá kéré jù, etí méjèèjì á kan ara wọn, ríìngì á fọ́, á sì ba síléńdà jẹ́.

Èkejì, orí ẹ́ńjìnì tí àwọn mẹkáníìkì wa tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè ní culasse. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sì gbọdọ̀ lá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má ṣe tún ti àtijọ́ lò.

Ẹ̀kẹta ni ọ́ìlì. Ọ́ìlì ló ń tu tọ́ọ̀bò lójú. Bí páìpù rẹ̀ bá dí, tọ́ọ̀bò á jóná. Bí ọkọ̀ bá ti sáré gan-an, ẹ má ṣe pa á lójijì. Ẹ jẹ́ kó máa dún jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Ẹ̀kẹrin ni epo. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa jáde, písítìn sì lè yọ́. Ní ti ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróò, kpayo tí a kò mọ ibi tó ti wá lè mú kí ẹ́ńjìnì máa kọ kan-kan-kan. Ìró yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Písítìn ló ń fọ́ lọ.

Ẹ má gbàgbé bíréèkì. Ọkọ̀ tó bá le sáré sí i gbọ́dọ̀ lè dúró. Àwọn èrò tó wà nínú rẹ̀ ju owó ẹ́ńjìnì lọ.

Bí owó kò bá tó láti ṣe gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ẹ́ńjìnì náà ṣe dáadáa láìsí tọ́ọ̀bò, kẹ́ ẹ sì dín ẹrù kù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.