Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ṣómólú àti Bàrígà, Iṣẹ́ Ìparí Ọdún Kì í Dúró De Ẹni tí Kò Múra

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kò sí ọmọ Ṣómólú tàbí ọmọ Bàrígà tí kò mọ̀ pé bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò máa dún tọ̀sán-tòru ní àdúgbò wa. Ìgbà náà ni ilé ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ìjọ onígbàgbọ́, ẹgbẹ́ mùsùlùmí àti àwọn olóde ń sáré wá tẹ kàlẹ́ńdà, dáyárì, káàdì ìkíni àti ìwé ètò ìgbéyàwó. Ogun tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni èyí. Ọdọọdún ni ó ń dé. Síbẹ̀, ọdọọdún náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ń dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé nígbà tí iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ nínú iṣẹ́ ìparí ọdún gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá a ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ṣì ráyè láti wo ojú rẹ̀, kí ó sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù kejìlá, àánú ni ó ń tọrọ, kì í ṣe iṣẹ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ kì í ṣe àlejò láàárín àwa Yorùbá. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan náà ni a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kó wá sí Bàrígà ní ọdún 1959, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Láti ọdún 2003 ni Bàrígà ti ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ojú kan náà ni òun àti Ṣómólú. Bí ènìyàn bá sì sọ ní Èkó pé òun ń lọ tẹ ìwé, Ṣómólú ni ọkàn ẹni tí ó gbọ́ ọ máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹni tí kò bá wọ inú ọgbà náà rí lè rò pé ilé kan ṣoṣo ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Fádèyí wọ inú Ṣómólú, ẹnì kan ń ta bébà, ẹlòmíràn ń ṣe àwo tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹta ni ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀kẹrin ni ó ni ẹ̀rọ agéwèé, ẹ̀karùn-ún ni ó ń ká a, tí ó ń to ó jọ, tí ó sì ń dì í. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ní ọ̀wọ́ ìkẹyìn yìí, níbi kíká, títò àti dídì, ni a ti máa ń wá ọwọ́ kún ọwọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá dé.

Èéṣe tí àwọn ọ̀gá kò fi gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún? Ìdí rẹ̀ kò farasin. Lẹ́yìn tí ìyá kàlẹ́ńdà bá ti kọjá, oṣù kìíní àti oṣù kejì a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Bébà àti tàdáwà tí a ń lò, òkè òkun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, nígbà tí owó náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó bébà gun òkè. Ọ̀gá tí ó ní ẹ̀rọ kan tàbí méjì kò lè máa san owó oṣù fún ènìyàn tí ó jókòó lásán. Nítorí náà ni ó ṣe ń di àwọn díẹ̀ mú, tí ó sì ń pe àwọn alágbàṣe nígbà tí iṣẹ́ bá kún. Ta ni yóò wá pè? Ẹni tí ó mọ̀ ni. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí oníbàárà ń pariwo lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, kò sí ọ̀gá tí yóò ní sùúrù láti máa kọ́ àjèjì bí a ti ń ka bébà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọ̀dọ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ń bá wí. Kí a pe èkíní ní Àkànní, kí a pe èkejì ní Àjọkẹ́. Àwọn méjèèjì parí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ní oṣù kẹfà. Àkànní jókòó sí ìta, ó ń retí èsì ìdánwò. Àjọkẹ́ ní tirẹ̀ lọ bá ìyá kan tí ó ń dì ìwé ní òpópónà wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo fẹ́ máa wá ràn yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí n lè mọ iṣẹ́ náà." Ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé tí a óò lò ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń dì nígbà náà, níbẹ̀ ni ó ti kọ́ kíkà àti títò. Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, tí Àkànní ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ìyá náà ni ó ránṣẹ́ pe Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀. Àkànní kò ya ọ̀lẹ, kò sì ya òpè. Ó kàn pẹ́ ni. Ẹni yára l'Ògún ń gbè.

Kí ni ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́ ṣáájú? Èkíní ni ìṣirò bébà. Ríìmù kan jẹ́ ewé 500. Bí a bá ká ewé ńlá kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò di ewé kéékèèké 8, èyí tí í ṣe ojú ìwé 16. Bí oníbàárà bá wá fẹ́ ẹ̀dà 1,000 ti ìwé olójú 64, ewé ńlá 4 ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 4,000, èyí ni ríìmù 8, láìka èyí tí yóò bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ọmọ tí ó bá lè ṣe ìṣirò yìí lórí ìdúró, kíá ni ọ̀gá yóò mọ̀ pé olóye ni. Èkejì ni títò: ojú ìwé kan tí ó bá ṣi ipò nínú dáyárì lè mú kí oníbàárà dá gbogbo ẹrù padà. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Tàdáwà mẹ́rin, aláwọ̀ aró, aláwọ̀ òdòdó pupa, aláwọ̀ yẹ́lò àti dúdú, ni a fi ń pilẹ̀ gbogbo àwòrán aláràbarà tí à ń rí lórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò tètè rí i nígbà tí ọ̀kan bá yà kúrò ní ojú ìlà, yóò sì ké sí ọ̀gá kí bébà púpọ̀ tó ṣòfò.

Lẹ́yìn èyí ni ìmúra ti ara ẹni. Kí ọ̀dọ́ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè àti àkáǹtì ní ilé ìfowópamọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í san owó lọ́wọ́ mọ́. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ tàbí àgbà àdúgbò. Kí ó kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé mẹ́wàá sílẹ̀, kí ó bẹ̀ wọ́n wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, kí ó kí ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ọmọ yín mú owó wá kí òun tó fi í sí ibi iṣẹ́ ìwé kíká, ẹ sá fún un. Iṣẹ́ ni a fi ń gba owó. A kì í fi owó ra iṣẹ́ alágbàṣe.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ni ó kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ń sunkún. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí a ṣe ní ọdún 1974, sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wá wò ó: iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án lè tán ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, kí oṣù mẹ́ta náà tó pé. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ má ṣe retí ìwé tí ó lè má dé. Kí ó béèrè ní ọjọ́ kìíní pé: ṣé owó ojúmọ́ ni, tàbí iye kan lórí ẹgbẹ̀rún ewé? Ọjọ́ wo ni a óò san án? Bí a bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, èló ni? Bí ìwé bá bàjẹ́, ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní ìṣojú ẹni tí ó gbà á, kí ó sì máa kọ iye iṣẹ́ tí ó ń ṣe lójoojúmọ́. Èyí kì í ṣe àrífín. Ọ̀gá rere pàápàá yóò dúpẹ́ pé ìṣirò wà nílẹ̀. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje.

Ewu tún wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ẹ̀rọ agéwèé tí ó ń gé ríìmù lẹ́ẹ̀kan náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bébà àti ìka ọwọ́. Nítorí èyí ni a fi ṣe àwọn kan pé ọwọ́ méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀bẹ tó lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá di bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè yára, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń tọrẹ. Kí alágbàṣe má ṣe wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ gbòòrò sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń yí, kí ó má sì sún mọ́ ẹ̀rọ agéwèé bí oorun bá ń kùn ún. Kí gbogbo wa sì mọ̀ pé òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, tí a ṣe ní ọdún 2010, kò yọ alágbàṣe tàbí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà. Ìṣirò ríìmù tí a ṣe lókè yìí kò ju agbára ọmọ kíláàsì mẹ́fà lọ. Bí ẹ bá fi í kọ́ wọn kí ìsinmi oṣù keje tó dé, tí ẹ sì mú wọn lọ wo ilé ìtẹ̀wé kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ náà yóò wọ̀ wọ́n lára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ tún jẹ́ kí àwọn tí ọwọ́ wọn bá yá mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ní ẹ̀kọ́ gíga: ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìwé títẹ̀, kò sì jìnnà sí wa. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè di iṣẹ́ ìgbésí ayé bí ọmọ bá fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó rẹ̀, tí ó sì padà lọ kọ́ṣẹ́ ní oṣù kìíní tí ẹ̀rọ dákẹ́.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, irú ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ìdìbò gbogbogbòò ń dé. Ìpolongo ìdìbò ààrẹ ti ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àsìkò kàlẹ́ńdà gan-an, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ orí iṣẹ́ bá àwọn òǹtẹ̀wé. Bí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ yín kọjá Ṣómólú lọ sí òkè òkun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ san owó pósítà yín. Olóṣèlú tí ó bá gba pósítà láwìn, tí kò sì san án, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé nìkan ni ó jẹ ní gbèsè. Ó jẹ ọmọ tí ó jí ní òru láti to bébà náà ní gbèsè pẹ̀lú. Ọmọ náà, bí a bá wò ó dáadáa, lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ń pariwo orúkọ olóṣèlú náà kiri ìgboro.

Ní ìgbà tí kòkó jẹ́ ọba ní ilẹ̀ wa, alágbàṣe tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kì í dúró kí kòkó pọ́n tán kí ó tó wá olóko. Ó ti ń bá olóko ṣán igbó, ó ti mọ ọ̀nà oko, olóko sì ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí ní Ṣómólú àti ní Bàrígà. Ìkórè tiwa ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dìde nísinsìnyí tí ọ̀nà ṣì dá, ẹ lọ mọ oko, kí ẹ sì jẹ́ kí olóko mọ̀ yín.